Ọyẹ́ Èkó, Àlejò Tí Kì í Ránṣẹ́ Ṣáájú

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ kan wà tí kò yẹ kí a fi falẹ̀, nítorí pé ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ ọyẹ́ ni.

Ìyá ọlọ́mọ kan tí ó ń ta ẹ̀kọ àti àkàrà ní ẹ̀bá Warehouse Road, ní Àpápá, ni ó dá mi dúró ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Bàbá, ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé, ẹ jọ̀wọ́, ọjọ́ wo gan-an ni ọyẹ́ yóò dé lọ́dún yìí? Mo fẹ́ mọ ìgbà tí n ó ra ẹ̀wù òtútù fún àwọn ọmọ. Bí mo bá rà á nísinsìnyí tí ọyẹ́ kò sì wá, owó ọjà mi ni mo fi ṣòfò."

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ìyá Ìbejì, ẹni tí ó bá dá ọjọ́ ọyẹ́ fún ọ ní Èkó yìí, irọ́ ni ó pa fún ọ." Ó ṣọpẹ́, ó fi àkàrà méjì kún tèmi, ṣùgbọ́n mo rí i lójú rẹ̀ pé ìdáhùn mi kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nígbà tí mo délé, mo rò ó pé òótọ́ ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó béèrè ohun tí yóò ṣe, kò yẹ kí a fi ẹ̀rín nìkan dá a lóhùn. Nítorí náà ni mo ṣe mú kálámù láti dá a lóhùn níhìn-ín, pẹ̀lú gbogbo ẹni tí ìbéèrè náà wà lọ́kàn rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ń gbé agbègbè wa mọ bí ó ti máa ń rí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ooru á mú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará Ajégúnlẹ̀ yóò gbé ẹní jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí àwọn ọmọdé yóò sì sùn láìwọ ẹ̀wù. Kí ilẹ̀ tó mọ́, atẹ́gùn á ti yí padà. Bí a bá jí, kùrukùru ti bo òpin ọ̀nà, àwọn awakọ̀ tírélà tí wọ́n tò lọ sí èbúté ti tan iná ọkọ̀ wọn ní aago méje òwúrọ̀, eruku kíkúnná sì ti bà sórí kọ̀ǹténà, sórí ewé igi, àti sórí aṣọ tí a sá mọ́jú. Ètè á gbẹ, imú á gbẹ, gìgísẹ̀ á sán. Ẹni tí ó wẹ̀ ní kùtùkùtù á máa gbọ̀n bí adìyẹ tí òjò pa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá di ọ̀sán, oòrùn á ta, ẹni tí ó wọ ẹ̀wù òtútù lọ sí ibi iṣẹ́ á sì máa gbé e kọ́ apá kiri. Bí a bá wá sọ pé ọyẹ́ ti dé nítòótọ́, tí a yáwó ra kúbùsù, bóyá ní ọjọ́ kẹta, afẹ́fẹ́ òkun á ti padà, òógùn á sì tún máa ṣàn. Nínú ọdún kan, ó lè gbé ọ̀dọ̀ wa tó ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ọdún mìíràn, kì í ju ọjọ́ mélòó kan lọ.

Ohun tí ó fa ìyípadà yìí kò farasin. Ẹ̀fúùfù méjì ni ó ń jìjàkadì lórí ilẹ̀ wa. Ọ̀kan ń ti orí òkun wá, láti ìhà gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn. Omi kún inú rẹ̀, òun ni ó sì ń gbé òjò wá fún wa. Èkejì ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá, láti ìhà àríwá àti ìlà-oòrùn. Ó gbẹ, ó sì ru eruku lórí. Èyí ni ọyẹ́. Ibi tí àwọn méjèèjì ti ń pàdé kì í dúró lójú kan. Ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ, ó máa ń jìnnà sí wa lọ sí òkè Ọya. Ní oṣù kejìlá àti oṣù kìíní, ó máa ń sọ̀kalẹ̀ títí yóò fi sún mọ́ etí òkun. Etí òkun náà gan-an sì ni Àpápá wà. Bí ẹ̀fúùfù aṣálẹ̀ bá ti ẹnìkejì rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, àwa á jí sínú ọyẹ́. Bí ti òkun bá ti òun náà padà, àwa á jí sínú ooru. Àwọn ará Kánò ń gbé inú oko ọyẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, wọ́n sì mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó. Àwa ń gbé ààlà oko rẹ̀, nítorí náà ni a kò fi mọ ọjọ́ tí yóò bọ́ sí ọ̀dọ̀ wa.

Láyé ìgbà kan, ọkọ̀ ojú irin a máa kó ẹ̀pà láti Kánò wá sí èbúté Àpápá, kí ọkọ̀ òkun tó gbé e lọ sí òkè òkun. Ìhà ibẹ̀ náà ni ọyẹ́ ti ń bọ̀, ṣùgbọ́n kò ní wákàtí ìrìn bí ọkọ̀ ojú irin. Púpọ̀ nínú eruku tí ó ń rù wá jìnnà ju Kánò lọ. Ibì kan wà ní ilẹ̀ Ṣáàdì tí a ń pè ní Bodélé. Adágún omi ńlá kan wà níbẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ó sì ti gbẹ tán. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni eruku funfun náà. Ẹ̀fúùfù a máa gba àárín òkè méjì kọjá pẹ̀lú agbára, yóò sì gbé eruku náà sókè. Díẹ̀ nínú rẹ̀ tilẹ̀ ń ré òkun kọjá dé igbó Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Nítorí náà, bí ìyàwó ilé kan ní Ajégúnlẹ̀ bá ń gbá ilẹ̀ tí eruku kò sì tán, kí ó má ṣe bá ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ jà. Eruku náà ti ọ̀nà jíjìn wá.

Àǹfààní kan wà nínú jíjìnnà yìí. Nítorí pé eruku máa ń gbéra ní Ṣáàdì tàbí ní Nìjẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, àjọ ojú ọjọ́ ti ìjọba àpapọ̀, NiMet, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2003, lè rí i lókèèrè, a sì máa kéde rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń tẹ́tí sí rédíò lè gbọ́ ọ ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú. Ìyẹn tó láti yọ aṣọ jáde nínú àpótí, ṣùgbọ́n kò tó fún ẹni tí kò ní aṣọ nínú àpótí. Ìdáhùn mi àkọ́kọ́ fún Ìyá Ìbejì nìyí: kí a ra aṣọ kí a tó gbọ́ ìròhìn, kí a sì gbọ́ ìròhìn kí a tó wọ̀ ọ́.

Ẹlòmíràn lè wí pé, "Òtútù wo ni ó wà ní Èkó tí a fi ń pariwo?" Ní Kánò, ní òru oṣù kìíní, ìwọ̀n ooru a máa sọ̀kalẹ̀ dé nǹkan bí 13 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní Èkó, òru wa kì í sábà dín ní 22. Bí ọyẹ́ bá mú wa gidigidi, ó lè dé nǹkan bí 20. Bí àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù bá gbọ́ èyí, wọn á rẹ́rìn-ín, nítorí pé ìwọ̀n yẹn ni àwọn fi ń bọ́ kóòtù. Ṣùgbọ́n ara tí ooru ti mọ́ lára kò bá nọ́ḿbà jiyàn. Ilé wa ni a kọ́ kí atẹ́gùn lè gbà á kọjá, aṣọ wa fúyẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wa sì ń sùn sórí ẹní lórí sìmẹ́ńtì. Òtútù díẹ̀ tó láti dé inú egungun ọmọ tí ara rẹ̀ kò le àti ti arúgbó.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó wà lọ́kàn mi gan-an. Mo ti gbé Àpápá ju ọgbọ̀n ọdún lọ, n kò sì tí ì rí ẹni tí òtútù nìkan pa. Ṣùgbọ́n mo ti rí àwọn tí ohun tí wọ́n fi ń sá fún òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìdílé kan ń gbé inú ilé oníyàrá púpọ̀ kan ní ẹ̀yìn Warehouse Road. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ní: ọkọ, ìyàwó, ọmọbìnrin wọn tí ó tó ọmọ ọdún mẹ́fà, àti ìyá ọkọ tí ó ti oko wá kí wọn. Aláàárù ni ọkọ ní èbúté. Ọmọ náà ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ní ọdún tí ó ṣáájú, ọyẹ́ bá wọn lójijì, òtútù wọ ọmọ náà lára, egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó tí ó fi sunkún mọ́jú. Bàbá rẹ̀ búra pé irú rẹ̀ kò ní í tún ṣẹlẹ̀ lójú òun.

Nítorí náà, nígbà tí ọyẹ́ dé ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kìíní, ó ti múra. Ó fi àkísà dí gbogbo ojú fèrèsé. Ó ká àpò ìrẹsì sí abẹ́ ilẹ̀kùn. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ sì dáná alẹ́ tán, ó gbé ààrò èédú wọ inú yàrá, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ọmọ. Èédú náà ti pọ́n dáadáa, kò rú èéfín mọ́, wọ́n sì rò pé èéfín nìkan ni ó léwu. Yàrá gbóná, ọmọ sùn, gbogbo wọn sùn.

Ní nǹkan bí aago méjì òru, ìyá àgbà jí. Orí ń fọ́ ọ, èébì ń gbé e, ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ kò gbé e. Ó pe ọmọ rẹ̀, kò dáhùn. Ó pe ìyàwó, kò dáhùn. Ó nawọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì ba àwo irin tí wọ́n fi jẹun. Ó fi ìwọ̀nba agbára tí ó kù fún un gbá a mọ́ ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Ariwo yìí ni ó jí ẹni tí ó wà ní yàrá kejì. Ó ti ilẹ̀kùn, àpò tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí ó ṣí. Ó fi èjìká gbá a wọlé. Ó ké sí wa, a sáré dé, a sì gbé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde sínú òtútù tí wọ́n ń sá fún. Òtútù náà ni ó sọ wọ́n jí.

Àwọn àgbà gbádùn kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Ọmọ náà lo ọjọ́ márùn-ún ní ilé ìwòsàn, pẹ̀lú ìrora, kí ó tó lè fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Mo bá bàbá rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó gbé orí lé ọwọ́. Ó ní, "Bàbá, kí ni mo ṣe yìí? Òtútù ni mo ń lé kúrò lára ọmọ mi."

Mo ní, "Ọmọ mi, o kò ṣe ìkà. Ìfẹ́ ni o fi ṣe é. Ṣùgbọ́n o kò mọ ohun tí èédú ń ṣe nínú yàrá tí a tì pa."

Ó gbé ojú sókè, ó ní, "Kò sí ẹni tí ó sọ fún wa rí, sà." Gbólóhùn yìí ni n kò lè gbàgbé, òun ni ó sì jẹ́ kí n máa sọ ọ́ lọ́dọọdún.

Ohun tí èédú ń ṣe nìyí. Bí ó bá ń jó, ó ń tú gáàsì kan jáde tí àwọn onímọ̀ ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ojú kò rí i, imú kò gbọ́ ọ. Bí ó bá wà ní gbangba, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ. Bí ó bá wà nínú yàrá tí a dí, a ó fà á símú, yóò sì wọ inú ẹ̀jẹ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, ohun kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé ọ́síjìn, atẹ́gùn tí ó ń mú ẹ̀mí ró, káàkiri ara. Gáàsì yìí ń dì mọ́ ọn ju bí ọ́síjìn ti ń dì mọ́ ọn lọ ní ìlọ́po igba àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, débi pé kò sí àyè mọ́ fún ọ́síjìn. Orí á máa fọ́ ènìyàn, òòyì á kọ́ ọ, èébì á gbé e, oorun á sì kùn ún. Ẹni tí ó bá ti sùn tẹ́lẹ̀ lè má mọ̀ rárá kí ó tó kú. Ẹ wá wo ti ọmọ yẹn: ẹ̀jẹ̀ fòníkú-fọ̀ladìde ni ó máa ń tẹ̀ bí dòjé nígbà tí ọ́síjìn bá dínkù nínú rẹ̀. Iná tí bàbá rẹ̀ gbé wọlé láti gbà á, òun gan-an ni ó ń ṣiṣẹ́ ọ̀tá fún un.

Ẹ má ṣe rò pé àìmọ̀wé àwa tálákà ni ó ń fa èyí. Ní oṣù kejì ọdún 2021, òtútù líle kan já lu ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà. Ìhà gúúsù ilẹ̀ náà ni, níbi tí ooru ti pọ̀ tí wọn kì í sì í sábà rí yìnyín. Ìlú Houston, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, wà níbẹ̀. Iná mànàmáná kú lọ́wọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé, kò sì sí ohun tí wọn yóò fi mú ilé gbóná. Àwọn kan gbé ààrò èédú wọlé, àwọn kan tan jẹnẹrétọ̀ nínú ilé, àwọn mìíràn jókòó sínú mọ́tò tí wọ́n tan nínú gáréèjì tí a tì. Gáàsì kan náà ni ó bá wọn jà, ọ̀pọ̀ ni a gbé lọ sí ilé ìwòsàn, àwọn kan sì kú nínú rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Texas ka gbogbo àwọn tí ìjì òtútù náà pa, ní ọ̀nà kan tàbí òmíràn, wọ́n jẹ́ 246. Ìlú tí kò mọ òtútù, bí ó ti wù kí ó lọ́rọ̀ tó, kì í mọ bí a ti ń sá fún un.

Àwọn àgbà sì ti wí pé òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí ni eji ń pa. Bí ọyẹ́ ti rí náà nìyẹn. Kí wá ni kí a ṣe?

Èkínní, ara ni kí a mú gbóná, kì í ṣe yàrá. Aṣọ méjì tí ó fúyẹ́, tí a wọ̀ lé ara wọn, sàn ju ẹyọ kan tí ó nípọn lọ, nítorí pé a lè bọ́ ọ̀kan nígbà tí ọ̀sán bá pọ́n. Kí ọmọdé wọ ìbọ̀sẹ̀ àti fìlà sùn. Kí a tẹ́ páálí tàbí àpò gbígbẹ sí abẹ́ ẹní, nítorí pé sìmẹ́ńtì ń fa ooru ara. Kí a fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ ọmọ ní ìyálẹ̀ta, kì í ṣe ní kùtùkùtù. Kí a fi òrí tàbí àdín pa ara, ètè àti gìgísẹ̀ nígbà tí omi ìwẹ̀ kò tí ì gbẹ tán lára. Fèrèsé ni kí a ṣí díẹ̀ lóru, bí ó tilẹ̀ ṣe ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́. Kí ààrò èédú, sítóòfù àti jẹnẹrétọ̀ má ṣe wọ inú yàrá tí a ń sùn, bẹ́ẹ̀ ni kí jẹnẹrétọ̀ má ṣe wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí lábẹ́ fèrèsé ẹlòmíràn.

Bí a bá wọ yàrá kan tí a bá àwọn ènìyàn tí èédú ti mú báyìí, kí a kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí a gbé wọn jáde sí afẹ́fẹ́, kí a tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Kí a má ṣe rọ epo pupa tàbí mílíìkì sí ẹnu ẹni tí kò mọ ara rẹ̀; ó lè gba ibẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé wọn lọ, àní bí wọ́n bá tilẹ̀ sọ pé ara àwọn ti dá. Ní Èkó, 112 tàbí 767 ni nọ́ḿbà tí a ń pè fún ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì.

Èkejì ni ti àwọn ọmọ fòníkú-fọ̀ladìde. Ní ọdún 1910 ni dókítà kan ní Chicago, James Herrick, kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe ẹ̀jẹ̀ tí ó tẹ̀ bí dòjé nínú ìwé ìṣègùn, ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa ti mọ ìrora rẹ̀ tipẹ́ kí ó tó di ìgbà náà. Ohun mẹ́ta ni ó ń jí ìrora yìí ní àkókò ọyẹ́: òtútù, òùngbẹ àti ibà. Òtútù ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ sún kì. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń fa omi kúrò lára, ọmọ kò sì ní í béèrè omi nítorí pé kò làágùn. Nítorí náà, kí a máa fún un ní omi láìdúró de ìgbà tí yóò béèrè, kí ó sì jẹ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ní àárọ̀. Kí oògùn tí dókítà ní kí ó máa lò lójoojúmọ́ má ṣe tán nínú ilé. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, tí àyà ń dùn ún, tàbí tí kò lè mí dáadáa, ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe àgbo. Ẹni tí ó bá ń fẹ́ ìmọ̀ràn lè lọ sí ilé iṣẹ́ àwọn tí ó ń rí sí àrùn yìí ní Ìdí-Àràbà, tí ó kọjú sí ilé ìwòsàn ńlá LUTH.

Ẹ̀kẹta ni eruku. Ní ọ̀dọ̀ wa, eruku Sàhárà ń bá èéfín ọkọ̀ tírélà pàdé, àwọn méjèèjì sì ń di ẹrù kan ṣoṣo lórí ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tí ó ní àrùn ásímà, tí í mú kí èémí há, kí ó má ṣe jáde láìmú oògùn tí ó ń fà sẹ́nu lọ́wọ́. Kí a fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ dípò kí a fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá a. Kí a bo ìkòkò omi àti oúnjẹ tí a ń tà. Kí ẹni tí ń rìn ní ẹ̀gbẹ́ títì fi aṣọ mímọ́ bo imú. Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ń sùn sínú ọkọ̀ nígbà tí ẹ bá ń dúró láti wọ èbúté, ẹ má ṣe gbé èédú sínú ibi ìjókòó yín, ẹ má sì sùn pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tí ó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí gbogbo gíláàsì wà ní títì. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ohun gbogbo gbẹ ní àkókò yìí, ọkọ̀ epo sì pọ̀ ní agbègbè wa. Iná sìgá kan tó láti sọ àdúgbò di eérú.

Ìkẹrin ni ti owó, nítorí pé mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni Ìyá Ìbejì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀wù òtútù wọ́n ní ọjọ́ tí ọyẹ́ bá dé, nítorí pé gbogbo ènìyàn ni ó ń wá a. Ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀, àwọn tí ń ta òkìríkà kì í rí ẹni béèrè rẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí a lọ sí ọjà Boundary kí a lọ tú u wò. Kí a fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kí a sá a sí oòrùn, kí a sì tọ́jú rẹ̀. Bí a bá rà á tóbi díẹ̀, ọmọ yóò lò ó fún ọdún méjì. Bí ọyẹ́ kò bá wá lọ́dún yìí, ẹ̀wù kò bàjẹ́. Kò pẹ́ kò jìnnà, yóò wá. Ìgbà kì í lọ bí òréré.

Mo padà lọ bá Ìyá Ìbejì ní àná, mo sì ka ìwé yìí sí i létí kí n tó fi ránṣẹ́ sí Olóòtú. Ó dákẹ́ gbọ́ títí mo fi dé ibi tí ìyá àgbà gbá àwo mọ́ ilẹ̀kùn. Ó gbé síbí àkàrà sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá, èmi náà máa ń gbé ààrò wọlé. Nítorí eku àti olè ni mo ṣe ń gbé e wọlé lóru, iná a sì máa wà nínú rẹ̀."

Mo ní, "Títí di òní?"

Ó ní, "Títí di àná, sà."

Mo dúró tì í títí ó fi tà tán. Ó bu omi sí èédú náà, ó dúró kí ó kú pátápátá, ó sì fi ẹ̀wọ̀n so ààrò mọ́ òpó ní àgbàlá. Olè lè gbé ààrò. A ó ra òmíràn. Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, bí ẹ bá ti ka èyí tán, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á fún ẹni tí kò mọ̀wé kà ní yàrá tí ó kángun sí tiyín, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tún lè sọ pé kò sí ẹni tí ó sọ fún òun rí. Ẹ kú àmójúbà ọyẹ́ o. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.